Kẹ̀kẹ́ ológeere lórí ọ̀nà Dempster: báwo ni a ṣe ń ṣètò oúnjẹ àti omi láti Dawson dé Inuvik?

Arìnnàkore béèrè:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Calgary ni mo ń gbé, mo sì ti máa ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere rin ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ púpọ̀ lórí títì ọlọ́dà, ṣùgbọ́n èyí tí mo ń gbèrò fún oṣù keje ọdún tí ń bọ̀ yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn. Mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Dawson City ní Yukon dé Inuvik ní Northwest Territories, ní àríwá Kánádà, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Dempster Highway. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 736 láti oríta tí ó ti bẹ̀rẹ̀, láìka nǹkan bí kìlómítà 40 tí ó wà láàárín Dawson àti oríta náà, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì fi tẹ́ ẹ ní gbogbo gígùn rẹ̀, àfi díẹ̀.

Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, bí mo ti wo máàpù, n kò rí ṣọ́ọ̀bù, ilé epo tàbí ilé oúnjẹ kankan láti Dawson títí a ó fi dé Eagle Plains, tí ó wà ní kìlómítà 369 láti oríta náà. Bí mo bá ń rin kìlómítà 60 lóòjọ́, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni n ó fi máa jẹ kìkì ohun tí mo bá gbé dání. Ẹnìkan sọ fún mi pé béárì ni kí n bẹ̀rù, ẹlòmíràn ní òtútù ni. Kí ni ó máa ń dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà yẹn ní tòótọ́, báwo ni mo sì ṣe lè ṣètò oúnjẹ àti omi tí ẹrù kò fi ní wúwo ju ohun tí kẹ̀kẹ́ lè gbà lọ? Mùsùlùmí ni mí pẹ̀lú, mo sì mọ̀ pé oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ ní àsìkò náà. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ka aago ìrun, kí ó jọ̀wọ́ là mí lóye.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ fèsì:

Arìnnàkore, ẹ kú ìmúra. Mo ti gun ọ̀nà yẹn, n ó sì sọ ojú abẹ níkòó fún yín: òjò ni kí ẹ fi ṣáájú nínú gbogbo ohun tí ẹ ó máa rò. Àwọn tí ń tọ́jú ọ̀nà náà máa ń da calcium chloride, irú iyọ̀ kan, sí i kí eruku má baà gba ojú ọ̀run kí ilẹ̀ sì le. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí rẹ̀, ẹrẹ̀ tí ó ń yọ a lẹ̀ mọ́ táyà, a wọ inú ṣéènì, a há sáàárín fọ́ọ̀kì àti táyà títí táyà kò fi ní yí mọ́, bí ó bá sì gbẹ tán, a le bíi símẹ́ńtì. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń rin kìlómítà 60 lè má rin 25, ó sì lè jẹ́ pé títì ni yóò máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Ọgbọ́n tí ó dára jù ni kí ènìyàn pàgọ́ kí ó dúró títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò kọjá ọjọ́ méje kò lè dúró. Nítorí náà, ẹ gbé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́wàá kúrò ní Dawson, kí ẹ sì yọ ohun ìbòtáyà kúrò lára kẹ̀kẹ́ kí ẹrẹ̀ lè rí ibi já bọ́ sí.

Ní ti omi, ìdajì àkọ́kọ́ kò ṣòro, nítorí pé odò North Klondike, odò Blackstone, Engineer Creek àti odò Ogilvie ń bá ọ̀nà rìn. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo omi tí ẹ bá rí ni ẹ ó mu: ní ìtòsí Engineer Creek, àwọn ìṣàn omi kan wà tí wọ́n pọ́n tí òórùn imí-ọjọ́ sì ń jáde nínú wọn, nítorí ohun tí omi ń fọ̀ jáde láti ara òkúta ibẹ̀. Ibi tí ènìyàn ti ń há ni ibi tí ọ̀nà ti fi odò Ogilvie sílẹ̀ tí ó sì gun orí òkè lọ. Láti ibẹ̀ dé Eagle Plains lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, orí òkè gan-an ni ọ̀nà sì ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ní apá méjèèjì níbi tí ọwọ́ kò lè tó o. Mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó pọn lítà mẹ́jọ ó kéré tán ní odò Ogilvie, kí ó sè é tàbí kí ó sẹ́ ẹ dáadáa, nítorí kòkòrò giardia tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru kò mọ̀ pé ibi jíjìnnà ni a wà.

Ẹ pe hòtẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní Eagle Plains lórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè bá yín pa páálí oúnjẹ mọ́, àti ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti ibẹ̀ dé Fort McPherson, níbi tí ṣọ́ọ̀bù wà, jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 180, èyí kò sì le tó ti àkọ́kọ́ àfi bí atẹ́gùn orí òkè Richardson bá dojú kọ yín.

Ẹ má sì rò pé ibi tí ó bá wù yín ni ẹ ó ti pàgọ́. Ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọ̀nà náà dì gbagidi láti ọdúnmọ́dún, bí ó bá sì yọ́, ọ̀nà yóò rì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí ní ìwọ̀n mítà 1.2 sí 2.4 kí ooru má baà dé ìsàlẹ̀. Òkè tóóró ni ẹ ó máa gùn, ẹ ó sì rí àbàtà àti koríko olókìtì ní ọ̀tún àti ní òsì. Ibi ìpàgọ́ ìjọba wà ní Tombstone ní kìlómítà 71, ní Engineer Creek ní 194, àti ní Rock River ní 446. Láàárín wọn, kòtò tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà ti kó òkúta ni ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹ lè sùn sí.

Nọ́ọ̀sì Àríwá fèsì:

Àbúrò mi, mo ti ṣiṣẹ́ ní Inuvik, mo sì fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá lórí òjò, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó mú yín fojú kéré béárì. Grizzly àti béárì dúdú ni wọ́n ń gbé ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í pariwo bíi ti mọ́tò, èyí ni ó fi léwu: ènìyàn lè já kọ́nà kan kí ó bá béárì lójijì, béárì tí a sì bá lójijì ni ó máa ń jà. Ẹ máa kọrin, ẹ máa lu aago kẹ̀kẹ́ yín níbi tí igbó bá ti dí ojú ọ̀nà. Agolo ata tí a ń fín sí béárì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín lè tó ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í ṣe nínú báàgì. Whitehorse, olú ìlú Yukon, ni kí ẹ ti rà á, nítorí wọn kì í gbà á nínú ọkọ̀ òfúrufú, ìbáà ṣe nínú báàgì ọwọ́ tàbí nínú ẹrù. Epo sítóòfù náà kò ṣeé gbé wọ̀ ọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé. Mo mọ bí àwa ṣe ń palẹ̀ mọ́: ẹja gbígbẹ, edé, irú, ata díndín. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní Calgary. Òórùn ẹja gbígbẹ máa ń wọ inú aṣọ àti àpò ìsùn, imú béárì sì jìnnà réré. Gàrí ni ọ̀rẹ́ yín. Kò ní òórùn tó bẹ́ẹ̀, kò bàjẹ́, omi tútù ni a fi ń mu ún, nítorí náà kò ná yín ní epo sítóòfù. Bí ẹ bá fi kúlíkúlí, mílíìkì oníyẹ̀fun àti ṣúgà sí i, ó tó láti gbé ènìyàn gun òkè. (Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn gàrí kíkan, ẹ dárí jì mí, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nílò ṣúgà.) Ẹ kó gbogbo oúnjẹ sínú ike líle tí béárì kò lè ṣí, kí ẹ gbé e jìnnà sí àgọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà, kí ẹ sì dáná níbi tí ó jìnnà bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín pẹ̀lú oúnjẹ ni ó ń lọ.

Ẹ̀fọn oṣù keje kò ṣeé fẹnu sọ, àwọ̀n ìborí kò sì gbọdọ̀ gbélé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò sí láàárín ìlú sí ìlú, nítorí náà ẹ yá ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tí a fi ń ránṣẹ́ pajáwìrì.

Ní ti ìrun, mọ́sáláṣí wà ní Inuvik. Manitoba ni wọ́n ti kọ́ ilé náà, wọ́n sì fi tírélà àti ọkọ̀ ojú omi gbé e wá láti ọ̀nà nǹkan bí kìlómítà 4,000 ní ọdún 2010. Nítorí pé oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago ìlú mìíràn tí oòrùn ti ń yọ tí ó sì ń wọ̀ ni a máa ń tẹ̀ lé. Ẹ bi ààfáà yín ní Calgary kí ẹ tó lọ, kí ẹ lè yan ọ̀kan kí ẹ sì dúró tì í.

Arìnnàkore fèsì:

Mo dúpẹ́ púpọ̀, Bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹja gbígbẹ ti wà nínú àkọsílẹ̀ mi tẹ́lẹ̀, mo ti pa á rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó máa ń sáré ìdíje kẹ̀kẹ́ ní èrò mìíràn: ó ní níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ kì í ṣú, kí n dín ẹrù kù, kí n máa rin kìlómítà 100 lóòjọ́, kí n sì fi ọjọ́ mẹ́rin dé Eagle Plains pẹ̀lú oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún. Ṣé èyí kò ṣeé ṣe ni?

Onítàn fèsì:

Ó ṣeé ṣe bí ojú ọjọ́ bá gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ yín, ẹ wo ibi tí orúkọ ọ̀nà náà ti wá. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1910, Francis Fitzgerald àti ọlọ́pàá mẹ́ta kúrò ní Fort McPherson pẹ̀lú ajá tí ń fa ẹrù lórí yìnyín, wọ́n ń lọ sí Dawson. Ó fẹ́ yára ju àwọn tí ó ti rìn ín ṣáájú lọ, nítorí náà ó dín oúnjẹ kù. Ọmọ ìbílẹ̀ Gwich'in kan tí ó mọ ọ̀nà bá wọn rìn díẹ̀, wọ́n sì sanwó fún un, wọ́n ní kí ó máa lọ. Nígbà tí wọn kò rí ẹnu ọ̀nà odò tí ó yẹ kí wọ́n yà sí, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá a kí wọ́n tó pẹ̀yìn dà. Ajá wọn ni wọ́n ń pa jẹ lójú ọ̀nà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kú nígbà tí kò kù jìnnà kí wọ́n dé ilé. William Dempster, ọlọ́pàá bíi tiwọn, ni ó jáde láti Dawson ní ìparí oṣù Kejì ọdún 1911 láti wá wọn, ó sì rí òkú wọn ní oṣù Kẹta. Fort McPherson ni wọ́n sin wọ́n sí. Ẹ ó kọjá níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà mọ́tò ní ọdún 1959, ó di ọdún 1979 kí wọ́n tó ṣí i, orúkọ Dempster ni wọ́n sì fún un.

Ìgbà òtútù ni tiwọn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tiyín, mọ́tò sì ń kọjá lójoojúmọ́ nísinsìnyí, nítorí náà n kò sọ pé ikú ni yóò já sí. Ṣùgbọ́n ìṣirò ọ̀rẹ́ yín àti ti Fitzgerald jọ ara wọn ní ibi kan: méjèèjì fi gbogbo ìrètí sórí pé ohunkóhun kò ní dá wọn dúró. Ohun tí mo rò pé ọ̀rẹ́ yín rí dáadáa ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Ẹ lè sùn ní ọ̀sán tí atẹ́gùn bá ń jà, kí ẹ sì gùn ní òru nígbà tí ó bá rọlẹ̀ tí tírélà kò sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ òru náà ni kí ẹ fi gba kìlómítà tí òjò bá jẹ yín ní gbèsè, kí ẹ má fi dín oúnjẹ kù.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ fèsì:

Onítàn ti sọ ọ́ tán, ohun méjì péré ni mo fi kún un. Àkọ́kọ́, táyà: kí ó fẹ̀ tó ínǹṣì méjì, kí túùbù àfipamọ́ sì pọ̀, nítorí òkúta pẹlẹbẹ ẹlẹ́nu mímú ni ó wà ní apá Eagle Plains. Bí tírélà bá ń bọ̀, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yíjú kúrò, nítorí òkúta ni táyà rẹ̀ ń ta.

Èkejì ni odò méjì tí kò ní afárá, Peel ṣáájú Fort McPherson àti Mackenzie ní Tsiigehtchic. Ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé mọ́tò sọdá ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹwàá, wọn kì í sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí omi odò bá kún tàbí tí igi bá ń wọ́ lọ nínú rẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, ọkọ̀ náà a dúró fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ tí ẹ óò rà ní Fort McPherson jẹ́ èyí tí yóò kàn gbé yín dé Inuvik láìṣẹ́kù. Bí agbára bá sì kù nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ọ̀nà Tuktoyaktuk tí wọ́n ṣí ní oṣù kọkànlá ọdún 2017 fi nǹkan bí kìlómítà 138 kún un títí dé etí òkun Arctic. Ọkọ̀ òfúrufú ni ó rọrùn jù láti fi padà láti Inuvik. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń gba kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi agolo ata yín ta ẹni tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù lọ́rẹ.