Ẹ̀dọ̀ gbígbẹ kọ́, ẹ̀dọ̀ alápàá ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nínú ìjíròrò wa lórí orúkọ tí ó yẹ kí á fún àwọn àìsàn ẹ̀dọ̀ lédè Yorùbá, ẹ ní kí á máa pe cirrhosis, àìsàn tí àpá fi ń gba ẹ̀dọ̀ èèyàn, ní "ẹ̀dọ̀ gbígbẹ". Àbúrò wa tó tẹ̀ lé yín ní kí á kúkú pè é ní "ẹ̀dọ̀ ọlọ́tí", kí àwọn ọ̀dọ́ lè bẹ̀rù. Mi ò lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni ọ̀rọ̀ yìí: èmi ni mo máa ń túmọ̀ fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí fún àwọn oníṣègùn tó ń ṣèwádìí àìsàn ẹ̀dọ̀ ní Ìbàdàn níbí, èmi náà ni mo sì máa ń kà á sétí aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí á mú ti "ọlọ́tí" kúrò nílẹ̀ ná. Òótọ́ ni pé ọtí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, kòkòrò mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B) ló ń fà á jù. Ọ̀pọ̀ ló kó o lára ìyá wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dáyé, tàbí nígbà èwe, kí wọ́n tó mọ ohun tí ń jẹ́ ẹmu. Obìnrin tí kò fẹnu kan ọtí rí, tí a kọ "ẹ̀dọ̀ ọlọ́tí" sínú fáìlì rẹ̀, kí ni yóò sọ fún àwọn àna rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ti dun àwọn òyìnbó náà rí. Àìsàn kan wà tó máa ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ, primary biliary cirrhosis ni wọ́n ń pè é. Ní 2015 wọ́n yọ cirrhosis kúrò lára orúkọ náà, wọ́n fi cholangitis (wíwú ọ̀nà òróǹro) rọ́pò rẹ̀, torí pé ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà kò tíì bàjẹ́ dé ibẹ̀, àwọn èèyàn sì ń fojú ọ̀mùtí wò wọ́n. Ní 2023 wọ́n tún pa orúkọ àìsàn ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ dà, torí pé èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ń bu èèyàn kù. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn yẹn ti ń sá kúrò.

Ti "gbígbẹ" ńkọ́? Bí mo bá sọ fún bàbá kan pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti gbẹ, omi ni yóò lọ máa mu, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ti kún fún omi ná. "Ẹ̀dọ̀ líle" sàn jù ú lọ, mo gbà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé ìhà aláìsàn, líle ẹ̀dọ̀ gan-an ló ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n líle jẹ́ àmì, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ẹ̀dọ̀ fara gbọgbẹ́, ó jinná, ó tún fara gbọgbẹ́, ó tún jinná, ní ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, títí tí àpá fi gba ibi tí ẹran ẹ̀dọ̀ yẹ kó wà. Ojú àpá kì í jọ ojú ara, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ ara. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí á pè é ní "ẹ̀dọ̀ alápàá". Ó tún ní èrè mìíràn: bí àpá náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fibrosis, a lè sọ pé "ẹ̀dọ̀ ń dápàá", ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé àyè ìtọ́jú ṣì wà. Ẹnì kan ní a lè ṣì í kà sí "alápá". Ẹ fi àmì ohùn sí i. Aláìsàn tèmi kì í sì í kà á, gbígbọ́ ló ń gbọ́ ọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé a ń já ìtumọ̀ àtilẹ̀wá jù sílẹ̀. Laennec, dókítà ilẹ̀ Faransé tó sọ àìsàn náà ní cirrhosis ní 1819, àwọ̀ ló wò. Kirrhos lédè Gíríìkì kò ju pupa rúsúrúsú lọ. (Tiwa ṣe é fọkàn tán ju ìyẹn lọ. Àwọn tó ní kí á "fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro" ti yẹ inú ẹran wò dáadáa: abẹ́ ẹ̀dọ̀ ni òróǹro wà lóòótọ́.)

Nínú orúkọ àwọn wàhálà tí ẹ̀dọ̀ alápàá ń fà, èyí tó ń dùn mí jù ni portal hypertension. Nínú fọ́ọ̀mù kan tí ẹlòmíràn túmọ̀, "ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnu-ọ̀nà" ni wọ́n pè é. Mo kà á fún ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà, ó bá dá mi dúró. "Ẹ̀jẹ̀ tèmi kì í ru. Wọ́n wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ó tiẹ̀ lọ sílẹ̀. Ṣé kì í ṣe fọ́ọ̀mù ẹlòmíràn lẹ gbé wá?" Ìyá náà tọ̀nà. Nínú àìsàn yìí, ẹ̀jẹ̀ tí a ń wọ̀n lápá sábà máa ń wálẹ̀ ni. Ibì kan ṣoṣo ni wàhálà wà: iṣan ńlá tó ń kó ẹ̀jẹ̀ láti ìfun wọ inú ẹ̀dọ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ ń rí gbà, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé, àpá sì ti dí i.

Mo ní, "Màmá, ẹ wo Ìwó Road lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bí ọ̀nà bá dí, kí ni àwọn awakọ̀ Micra máa ń ṣe?" Ó ní wọ́n á gba ẹ̀bùrú. Mo ní ẹ̀jẹ̀ náà ń gba ẹ̀bùrú, ó ń gba àwọn iṣan wẹ́wẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, tí wọn kò dá fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti sọ ọ́: "Àwọn tó ń gba ẹ̀bùrú yẹn náà ló fọ́ títì àdúgbò wa." Ó ti yé e. Bí iṣan náà bá bẹ́, èèyàn á máa bi ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ kíákíá ni. Nítorí náà, "súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ẹnu ẹ̀dọ̀" ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù tuntun, mo sì pe varices, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó wú yẹn, ní "iṣan ẹ̀bùrú". Bí ó bá gùn jù lójú yín, ẹ gé e kúrú, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "ẹ̀jẹ̀ ríru" kúrò níbẹ̀.

Ascites, omi tó ń kún inú aláìsàn, kò le: "omi inú ikùn" tó o.

Ti encephalopathy, ìdàrú ọpọlọ tí ẹ̀dọ̀ ń fà, gba ìṣọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ tó gba ẹ̀bùrú kò kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó fọ̀ ọ́, amóníà, ìdọ̀tí inú rẹ̀, á gun ọpọlọ. Aláìsàn á máa sùn lọ́sàn-án, á la ojú sílẹ̀ lóru, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa sọ kántankàntan. Bí a bá fi "wèrè" kún orúkọ rẹ̀, àwọn ẹbí á gbé e lọ sílé àdúrà, bẹ́ẹ̀ oògùn olómi dídùn kan tó ń mú èèyàn yàgbẹ́, lactulose, lè dá ọkàn rẹ̀ padà. "Ìrànrán ẹ̀dọ̀" ni mo fara mọ́, torí gbogbo wa mọ̀ pé ibà náà máa ń mú ọmọdé ṣe ìrànrán, ó sì ń lọ.

Ó ku ọ̀kan tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀. Àárín àwọn àpá yẹn, ẹ̀dọ̀ máa ń hù padà ní róbótó-róbótó, ara wọn sì ni jẹjẹrẹ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọ "kókó", ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí mo kà á fún ló rò pé jẹjẹrẹ ti dé náà nìyẹn. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìjẹ̀bú, kí ni ẹ máa ń pe ohun tó bá hù róbótó lára tí kò sì tíì di ewu?