Àwòrán àdìrẹ ń lẹ̀ mọ́ra lórí iPhone àtijọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń ṣe ìkànnì fún ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Flex, ọ̀nà kan tí CSS (èdè tí a fi ń ṣètò ìrísí ìkànnì) fi ń to nǹkan sórí ìlà, ni mo fi to àwòrán aṣọ wọn, mo wá fi gap: 16px sí àárín. Lórí Chrome inú kọ̀ǹpútà mi, ó gún régé. Àmọ́ oníbàárà wọn kan tó ń lo iPhone 6 fi ohun tó rí ránṣẹ́: àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti lẹ̀ mọ́ oníko, èèyàn ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Mo ní kó fi Chrome sórí fóònù náà, bákan náà ló ṣì rí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ojú aṣọ ni oníbàárà máa ń wò kó tó san owó.

Ará Ìbarà: Ẹ̀gbọ́n, Chrome orí iPhone yẹn kì í ṣe irú ti Android o. WebKit, ẹ̀rọ tó ń gbé ojú ìwé jáde nínú Safari (bùráúsà Apple), náà ló ń lò. iPhone 6 ò sì kọjá iOS 12, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí iOS 14.5 jáde ní 2021 ni Safari orí fóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gap nínú flex.

Olùbéèrè: Áà, ó ti yé mi. Ṣé kí n wá lo @supports (gap: 16px) láti bi bùráúsà bóyá ó mọ gap, kí n fi margin (àyè ìta àwòrán) sílẹ̀ fún èyí tí ò bá mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀: Rárá o, àbúrò. Safari 12 mọ gap nínú grid (ọ̀nà títo nǹkan ní ìlà àti òpó), inú flex ni kò ti mọ̀ ọ́n. Bí o bá bi í bẹ́ẹ̀, á ní òun mọ̀ ọ́n, àwọn àwòrán á sì tún lẹ̀ mọ́ra. Grid ni kí o lò:

display: grid;
grid-template-columns: repeat(auto-fill, minmax(140px, 1fr));
gap: 16px;

Fóònù yẹn á ka gbogbo rẹ̀.

Ìyá Sàpọ́n: Ẹ rántí àwọn tó ń fi bùráúsà Opera Mini ṣọ́ dátà o. Ọmọ mi, kọ́kọ́ kọ èyí tí gbogbo bùráúsà gbọ́: inline-block (tó ń to àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn) àti margin: 8px fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kó grid sínú @supports (display: grid), kí o sì dá margin padà sí 0 níbẹ̀. Ohun tí kò bá yé bùráúsà nínú CSS, ńṣe ló máa fò ó. Mo fẹ́ràn èyí ju kéèyàn máa wá oògùn fún fóònù kọ̀ọ̀kan lọ.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo ti fi grid sí i, oníbàárà yẹn ní aṣọ ti yà sọ́tọ̀. Mo fẹ́ yá fóònù àbúrò mi lálẹ́ yìí láti wo ti Opera Mini.