Ọdún mẹ́sàn-án nídìí ìwé ogun Pólándì, ọmọ àná ló gbaṣẹ́

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú ilé o. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, oorun ò kùn mí mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tọ́jú ìwé àwọn ará Pólándì ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́tà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fẹ́ ya bí èèyàn bá mí sí i. Èmi ni mò ń yọ píìnì tó ti dógùn-ún lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń fún mi níwèé iṣẹ́. Ní báyìí tí iṣẹ́ tó ní owó ìfẹ̀yìntì jáde, ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń to páálí ni wọ́n gbé e fún. Ife tíì mi gan-an ló ń lò! Ìyá mi ní kí ló kàn mí pẹ̀lú Pólándì. Ṣé kí n kúrò níbẹ̀ ni?

Bàbá Tìjání: Kúrò, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe ṣe mí nìyẹn ní 2004, nígbà tí mò ń wa bọ́ọ̀sì. Èmi ni mo kọ́ ọ̀gá mi lọ́nà!

Mọ́remí: Kí ló kàn án kẹ̀? August Agboola Browne, onílù tí wọ́n bí ní Èkó ní 1895, jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará Warsaw, olú ìlú Pólándì, nígbà tí wọ́n dìde sí Jámánì ní 1944. Fọ́ọ̀mù tó kọ fún ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun ní 1949 ló tú àṣírí ẹ̀. 2009 ni wọ́n tó rí i nínú fáìlì. Bí wọ́n bá ti da fáìlì yẹn nù ńkọ́?

Bàbá Tìjání: Ta ló bèèrè ìtàn? Oúnjẹ lobìnrin yìí ń wá.

Kíkẹ́: Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ náà mọ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ ṣé, Mọ́remí, màá fi han ìyá mi. Kíkẹ́, mo ní dìgírì kejì.

Kíkẹ́: Mi ò bèèrè dìgírì o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kúrò níbẹ̀ jàre.

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ó dáa. Èdè Pólándì ni. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ nǹkan sára páálí! Fóònù mi sì ń túmọ̀.

Mọ́remí: Ẹ dúró ná. Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ ò gbọ́ èdè wọn? Fóònù wo ló ń ka pẹ́ńsù 1943 tó ti ń parẹ́?

Bàbá Tìjání: Ẹ má bú ọmọ ọlọ́mọ!

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fẹ́ sanwó kíláàsì fún mi. Alẹ́ Ọjọ́rú ni, kúáyà wa sì ń kọ́rin lálẹ́ Ọjọ́rú.

Kíkẹ́: Ṣé kíláàsì náà ṣì wà?

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Ó wà. Ọmọ yẹn ló ń kọ́ wọn.