Ẹ má kun Raleigh àtijọ́: ohun tí ojú wa rí

Láti Iléṣà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù ni mo ti gbà á. Wọ́n ti gbé e sórí ìwọ̀n tán kí n tó dé. Òṣómàáló ni bàbá tó ni ín láyé ọjọ́un. Ẹrù aṣọ ló fi ń gbé láti abúlé dé abúlé. Nígbà tó kú, wọ́n sọ kẹ̀kẹ́ náà sí àjà ilé ìdáná, èéfín sì bò ó dúdú.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kun ọkọ̀ ní kí n gbé e wá kí òun fín ọ̀dà tuntun sí i. Mo kọ̀. Epo máṣíìnì ìránṣọ àti àkísà òwú ni mo mú, mo kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré kan lábẹ́ mọ́gáàdì. Ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ! Bí mo ṣe ń nù ún lọ, lẹ́tà yọ, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó jẹ́ àmì Raleigh náà yọ níwájú fírémù. Ká ní tínà tàbí bẹntiróòlù ni mo fi nù ún, gbogbo lẹ́tà yẹn ì bá bá àkísà lọ, torí wọ́n fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà.

Lábẹ́ ìjókòó ni mo ti rí páànù kékeré kan, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì tí káńsù ń fún kẹ̀kẹ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í gbà pé kẹ̀kẹ́ ń gba láísẹ́ǹsì. (Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 ṣì kà á mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.) Lójú tèmi, páànù onípẹtà yẹn níye lórí ju kírómù tuntun lọ, torí òun ló ń sọ ibi tí kẹ̀kẹ́ náà gbé ayé rẹ̀.

Ibi tó le jù ni pín-ìnnì tó de apá pẹ́dà. Ó ti dípẹtà mọ́ ibẹ̀. Ẹ má kàn gbá a lóòlù o! Mo fi epo rin ín mọ́jú, mo fi páìpù irin tó nípọn ti apá náà nísàlẹ̀ kí agbára òòlù má baà wọ inú fírémù, mo sì yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà títí orí méjèèjì fi dọ́gba, kí téèdì má baà fọ́. Mo wá gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbígbá gidi. Ó jábọ́, pà!

Láti Nottingham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Ìlú tí wọ́n ti ṣe kẹ̀kẹ́ yín ni mò ń gbé. Apá kan ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ Raleigh ti di Jubilee Campus ti yunifásítì báyìí. Ẹ bá mi wo họ́ọ̀bù ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ Sturmey-Archer oníjíà mẹ́ta, ẹ lè rí AW, orúkọ irú họ́ọ̀bù náà, pẹ̀lú nọ́ńbà: 54 àti 7, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé oṣù keje ọdún 1954 ni wọ́n ṣe họ́ọ̀bù náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi búra, nítorí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lè ti pààrọ̀ wíìlì nígbà kan. Epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ máa kán sí ihò kékeré tó wà lára rẹ̀. Gírísì á jẹ́ kí jíà inú rẹ̀ lẹ̀.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà, àmọ́ mi ò gbà pé ká kàn gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ ògiri. Kẹ̀kẹ́ Hercules tí bàbá mi àgbà fi ń lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé ni mò ń gùn lọ sọ́jà. Táyà 28 ṣì wà, wọ́n ṣì ń ṣe é ní Íńdíà, rọ́bà bíréèkì onírin náà sì wà. Àtùpà iwájú ló kù. Birmingham ni wọ́n ti ṣe Hercules, ibẹ̀ náà ni Lucas tó ń ṣe àtùpà wà nígbà náà. Ẹni tó bá ní àtùpà Lucas ayé ọjọ́un nílé, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀ kó tó kó o fún àwọn onírin.