Ìgbéléwọ̀n yàtọ̀ sí ìfòǹtẹ̀lù

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá la ń wá fún “accreditation” àti àwọn iṣẹ́ tó bá a rìn. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa lo “ìfọwọ́sí” fún gbogbo iṣẹ́ àjọ tó ń mójú tó ilé ẹ̀kọ́ gíga, láti orí ìwé àṣẹ títí dé orí àyẹ̀wò. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè ru gbogbo ẹrù yẹn.

Ẹ wo NAAC, àjọ tó ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ gíga wò ní Íńdíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994. Nínú ìlànà onílẹ́tà tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí 4 ni wọ́n ń ṣírò máàkì lé. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá kọjá 1.50, D ló ń gbà, ìyẹn ni pé kò yege. Àwọn olùyẹ̀wò ti wá, wọ́n ti wo ibi ìkàwé, wọ́n ti bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, máàkì ti jáde, síbẹ̀ òfo ni fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Bí a bá ní “ìfọwọ́sí” ni gbogbo rẹ̀, àfi kí a kọ ọ́ pé wọ́n ṣe ìfọwọ́sí fún un, wọn ò sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rín ni onítọ̀hún yóò fi wá rín.

“Ìgbéléwọ̀n” ti wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ tipẹ́. Kó dúró fún àyẹ̀wò. Fún ìpinnu tó tẹ̀ lé e, “ìfòǹtẹ̀lù” tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹnìkan ti ní òǹtẹ̀ kì í ní gbèdéke. Lóòótọ́, kọ́ọ̀sì tí NUC, àjọ tó ń mójú tó yunifásítì ní Nàìjíríà, bá fún ní ìfòǹtẹ̀lù ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, ọdún 5 ló ní; ti onígbà díẹ̀, ọdún 2. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ físà náà ní ọjọ́ tó ń kú, òǹtẹ̀ la ṣì ń pè é.

“Ẹ̀rí ìjọba” tí àwọn kan dábàá kò tilẹ̀ lè dúró. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ ti agbègbè New England níbẹ̀ ti wà láti 1885.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ ń kọ nípa ara rẹ̀ kí àwọn olùyẹ̀wò tó dé. “Ìyẹra-ẹni-wò” ni mo ń lò ná. Ẹni tó bá ní èyí tó já gaara jù ú lọ, kó mú un wá.