PATH_MAX kì í ṣe “ìpẹ̀kun ọ̀nà”: àbá mi ni “ìjúwe”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè.

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún àwọn tó ń fi Yorùbá kọ́ni ní èdè C. Wọ́n ní ká pe PATH_MAX, òdiwọ̀n kan tó jẹ mọ́ “path” (ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì tàbí fódà wà, bíi /ise/iwe1), ní “ìpẹ̀kun ọ̀nà”, kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ “iye lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ tí ọ̀nà fódà lè ní”. Wọ́n ní ká pe nọ́ńbà tí open, tó ń ṣí fáìlì, máa ń dá padà ní “àpèjúwe fáìlì”. Wọ́n tún ní bí snprintf, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú àyè tá a bá fún un, kò bá ráyè kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, ká pe ìyẹn ní “ìkékúrú”. Ẹlòmíràn wá dáhùn pé ká má wulẹ̀ dààmú, ká ṣáà máa kọ “páàtì”, ìyẹn “path” Gẹ̀ẹ́sì.

N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn. Èyí tó dùn mí jù ni ti àkọ́kọ́, torí ẹni tó bá fi “ìpẹ̀kun ọ̀nà” kọ́ iṣẹ́ yìí yóò kọ prógíráàmù tó léwu, yóò sì gbà pé òun ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo Linux. PATH_MAX níbẹ̀ jẹ́ 4096 báìtì, báìtì òdo tó ń parí ọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà 4095 ló kù fún wa. Orúkọ fódà kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ju 255 báìtì lọ. Ká ní lẹ́tà “a” 200 ló wà nínú oruko; mkdir ń dá fódà, chdir sì ń wọ inú rẹ̀:

for (i = 0; i < 30; i++) {
    mkdir(oruko, 0700);
    chdir(oruko);
}

(Mo yọ àyẹ̀wò àṣìṣe kúrò kó lè kúrú. Ẹ má yọ ọ́ nínú tiyín.)

Kernel, ọkàn Linux tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wa, ò ní kọ̀ níbì kankan, torí 200 báìtì péré ló ń rí lẹ́ẹ̀kan. Bí lúùpù náà bá parí, inú fódà tó jìn sí gbòǹgbò (“/”, fódà tí gbogbo yòókù wà nínú rẹ̀) ju 6000 báìtì lọ la wà. Ọ̀nà náà wà lóòótọ́, a sì dúró lórí rẹ̀. Ohun tí kò ní ṣeé ṣe ni pé ká kó gbogbo 6000 báìtì yẹn fún open lẹ́ẹ̀kan náà. Tá a bá dán an wò, ENAMETOOLONG, àṣìṣe “orúkọ gùn jù”, ni yóò fi dá wa lóhùn. Gbólóhùn tá a fi ń sọ ọ̀nà ni wọ́n fi òdiwọ̀n sí. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Yorùbá ti ya nǹkan méjèèjì yìí sọ́tọ̀ tipẹ́. Ọ̀nà ń bẹ, a sì ń júwe ọ̀nà. Bí ibi tí èèyàn ń lọ bá jìn, a ó júwe fún un dé oríta kan, a ó ní tó bá débẹ̀, kó tún béèrè. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká pe gbólóhùn yẹn ní “ìjúwe”. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “/” á jẹ́ ìjúwe láti gbòǹgbò, èyí tí kò fi í bẹ̀rẹ̀ á jẹ́ ìjúwe láti ibi tá a wà. PATH_MAX á wá di “òdiwọ̀n ìjúwe”. Òfin POSIX, ìlànà tí àwọn ètò bíi Unix ń tẹ̀ lé, pàápàá gbè mí lẹ́sẹ̀: ohun tí pathconf ń sọ fún wa tá a bá bi í ní _PC_PATH_MAX ni bí ìjúwe ṣe lè gùn tó tá a bá bẹ̀rẹ̀ láti inú fódà tá a dárúkọ fún un. Kò sọ̀rọ̀ nípa bí fódà fúnra rẹ̀ ṣe jìn tó. Òdiwọ̀n yìí kì í sì í ṣe ọ̀kan náà káàkiri. 260 ni MAX_PATH lórí Windows, 1024 ni PATH_MAX lórí macOS, GNU Hurd ò tiẹ̀ ní PATH_MAX rárá. “Ìpẹ̀kun” wo ni à ń wí nígbà náà?

“Iye lẹ́tà” inú ìtumọ̀ náà tún gbọ́dọ̀ di “iye báìtì”. Nínú UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà sí báìtì, “ọ” jẹ́ báìtì 3, àmì ohùn òkè orí rẹ̀ jẹ́ 2, báìtì 5 nìyẹn fún “ọ́” kan ṣoṣo. Orúkọ fódà tó jẹ́ kìkì “ọ́” kò lè ju mọ́kànléláàádọ́ta lọ lórí Linux. Àwa tí à ń fi àmì kọ̀wé ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ èyí.

Ewu tí mo ń wí wà nínú kóòdù yìí, tó wọ́pọ̀ gan-an:

char aye[PATH_MAX];
getcwd(aye, sizeof aye);

Ẹni tó gbà pé ìpẹ̀kun ọ̀nà ni PATH_MAX ò ní rí ìdí tó fi yẹ kó wo ohun tí getcwd, tó ń sọ fódà tá a wà fún wa, dá padà. Nínú fódà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yẹn, NULL (ìyẹn òfo) ni yóò dá padà, torí àyè náà ò gba ìjúwe rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó bá wà nínú aye. Lórí glibc, àkójọ iṣẹ́ C tó wọ́pọ̀ lórí Linux, getcwd(NULL, 0) máa ń wá àyè tó tó fúnra rẹ̀. Bí kernel bá kọ̀ nítorí gígùn, glibc á gba “..” gòkè ní fódà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ gbogbo orúkọ náà. POSIX ò fi dandan lé èyí, ṣùgbọ́n ó ṣeé lò.

Ó kan “àpèjúwe fáìlì”. Nọ́ńbà yẹn kì í júwe ohunkóhun, ńṣe ló ń di nǹkan mú. “Ìdìmú” ni mo fẹ́ ká pè é. Openat, tó ń ṣí orúkọ láti inú fódà tá a ti dì mú, tó wọ Linux ní 2006 tó sì wọ POSIX ní 2008, fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere:

titun = openat(idimu, oruko, O_RDONLY | O_DIRECTORY);
close(idimu);
idimu = titun;

Orúkọ kan lẹ́ẹ̀kan, a lè wọlé jìn bó ti wù ká jìn. Bí ẹlòmíràn bá sì yí orúkọ fódà òkè padà nígbà tá a ṣì ń lọ, ìjúwe tá a kọ sílẹ̀ láti gbòǹgbò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdìmú wa ṣì wà lórí fódà tá a dì mú. Bí a bá pe ọ̀kan ní ìjúwe tá a tún pe èkejì ní àpèjúwe, báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe rí ìyàtọ̀ yìí?

“Ìkékúrú” (abbreviation) sì ti níṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó ń kà á jọ mọ ohun tó dúró fún ni. Ti snprintf kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní àyè báìtì 10, kí ẹ ní kó kọ “/ise/iwe10”: “/ise/iwe1” ló máa kọ. Bí fáìlì kan bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, tí unlink, tó ń pa fáìlì rẹ́, sì tẹ̀ lé e, fáìlì ẹni ẹlẹ́ni ló lọ yẹn. “Ìgédànù” ni mo ní ká pè é. A máa ń rí i mú: nọ́ńbà tí snprintf dá padà, 10, kò kéré sí àyè tá a fún un.

Ní ti “páàtì”, ayẹyẹ àti ẹgbẹ́ òṣèlú ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún wọn. “Gbòǹgbò” tàbí “ìdí” fún “/”, èyí tí ẹ bá mú dára lójú mi. Symlink, fáìlì tó kàn ń tọ́ka sí ibòmíràn, ló kù tí kò tíì sí àbá fún. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lórúkọ, kó rántí pé ìjúwe ló wà nínú rẹ̀, ìjúwe tó ṣeé ṣe kí ibi tó ń tọ́ka sí má sí mọ́, tí readlink, tó ń kà á jáde, kì í sì í fi báìtì òdo parí fún wa.