Ta ló láṣẹ láti sé wa mọ́lé, ààrẹ ni àbí gómìnà?

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Lóṣù Kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Buhari fi òfin Quarantine Act (òfin tó wà fún dídènà àrùn tó ń ràn) sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé nítorí kòrónà. Gómìnà Ògùn tọrọ àkókò díẹ̀ sí i, tiwọn wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹrin. Ẹ̀gbọ́n mi ní gómìnà kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀ rárá. Èmi ò gbà. Abala 41 ìwé òfin 1999 ní ká máa rìn fàlàlà, abala 45 sì ní òfin lè dín in kù nítorí ìlera ará ìlú. Ṣé ìbuwọ́lùwé ààrẹ nìkan tó, àbí ó di dandan kí ilé aṣòfin dá sí i? (Àwa tó jẹ́ pé òòjọ́ la ń jẹ ò gbàgbé ìyà yẹn o.)